Páànù Àwọn Tó Sá

Ní Pointe Sidonie, ìlú àwọn apẹja kan létí adágún, bí ìjì bá kọjá tán, ìkòkò ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Wọn ò ní wá ọkọ̀, wọn ò ní wá òrùlé, bóyá wọn ò tiẹ̀ ní tètè wá òkú. Ìkòkò irin ńlá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn létí adágún, ó wúwo débi pé ìjì kankan ò rí i gbé rí. Òun ni wọ́n á gbé kaná. Wọ́n á da akàn sí i, wọ́n á da ẹja àrọ̀ àti ilá sí i, wọ́n á se ìrẹsì lọ́tọ̀, gbogbo ìlú á sì péjọ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tó dúró nílé nígbà tí ìjì ń jà á jókòó sídìí tábìlì. Ẹni tó sá kí ìjì tó dé á bu oúnjẹ fún un, á dúró tì í títí yóò fi jẹun tán, á sì fọ abọ́. Bí àwọn baba wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n fẹ́ràn àṣà náà ju ọmọ wọn lọ.

Ovide Trosclair ló ń fọ abọ́.

Lẹ́yìn ìjì Corinda yìí, òun nìkan ló ń fọ ọ́. Àwọn yòókù tó sá ò tíì padà wálé, tàbí kí wọ́n ti padà, kí wọ́n wá ní àwọn ò lọ síbì kankan. Ta ló fẹ́ já wọn? Nígbà tí ìjì ń jà, kò sẹ́ni tó rí imú ara rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí imú aládùúgbò. Ṣùgbọ́n Ovide, gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó sá. Kò tiẹ̀ sí ìjì tí kì í sá fún. Apẹja ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò kàwé kọjá ìwé kẹrin, ẹ̀rù atẹ́gùn sì ń bà á bí ẹ̀rù ejò ṣe ń ba ẹlòmíràn. Ó dúró ti ọpọ́n omi ọṣẹ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, ó tẹrí ba, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sinmi. Ó ń wo ojú ọ̀run. Ó ń wo adágún, bóyá ó ń yọ́ wá. Ó sì ń wo ẹnu Curley Arcement, nítorí inú ẹnu Curley ni ọ̀rọ̀ òrùlé rẹ̀ wà.

Curley ni olórí àwọn tó dúró, òun náà ló ń sọ ilé tí wọ́n máa kan òrùlé rẹ̀. Ó ń sọ ìtàn tó ti sọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá àti èyí tó ṣáájú rẹ̀.

"Mo di okùn ọkọ̀ mú báyìí. Atẹ́gùn gbé ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀. Mo ní, Corinda, ìwọ obìnrin burúkú, agbára rẹ ò tó bẹ́ẹ̀. Mi ò fi okùn sílẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó, tí ọtí ti wọ̀ lára, béèrè pé, "Ọkọ̀ náà ńkọ́, Bùọ̀dá Curley?"

"Ó lọ."

"Ó lọ síbo?"

"Mo ní ó lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la ń sọ ni àbí ọ̀rọ̀ ọkùnrin?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ lu tábìlì. Ovide fọ abọ́ kan, ó fi omi ṣàn án, ó tún un fọ̀. Nínú ara rẹ̀ ni òun náà ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ẹnu. Curley dúró lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dúró ṣe? Ọkọ̀ lọ. Òrùlé lọ. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì bá wọn lọ. Ó dúró bí kùkùté ṣe ń dúró, torí pé kùkùté ò gbọ́n tó láti rìn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Curley ni Lester Guidroz jókòó sí, òun àti Wilda ìyàwó rẹ̀, tí ìrẹsì kún ẹnu wọn. Ìyẹn gan-an ló ń dun Ovide jù. Ní ọjọ́ tí ìjì ń bọ̀, ojú rẹ̀ rí Lester ní ilé epo kan lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọkọ̀ àwọn tó ń sá ti tò bí èèrùn. Lester ń jẹ ẹ̀pà sísè. Wilda gbá ìrọ̀rí mọ́ra. Ojú wọ́n ṣe mẹ́rin. Ní báyìí, Lester ní inú kòtò omi lẹ́yìn ilé òun lòun lúgọ sí, òun ń gbàdúrà.

Lester na abọ́ sí i. "Ovide, bu ìrẹsì kún un."

"Lester."

"Kí ló dé?"

Ovide wò ó. Ó wo Wilda. "Kò sí nǹkan," ni ó wí, ó sì bu ìrẹsì kún un. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í sọ ohun tó máa jẹ́ kí gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ òun.

Bàbá Ovide kò sá ní tirẹ̀. Nígbà tí Ovide ṣì kéré, ìjì kan dé, bàbá náà dúró ti ọkọ̀ apẹja rẹ̀. Lẹ́yìn ìjì, ọkọ̀ nìkan ni wọ́n rí. Kò ha, kò ya, àwọ̀ rẹ̀ ò tiẹ̀ ṣí. Wọ́n gbé àwòrán bàbá kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ta ọkọ̀ náà fún ẹlòmíràn. Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ń pe ẹnì kan ní akọni létí Ovide, ọkọ̀ òfìfo yẹn ló kọ́kọ́ ń rí.

*

Lurline ìyàwó rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ìlú Baton Rouge. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ sá, ṣùgbọ́n Ovide nìkan ló padà, torí pé Lurline wo ilé náà lẹ́ẹ̀kan látinú ọkọ̀, kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo òrùlé ti lọ. Tapólì aláwọ̀ búlúù ni Ovide fi bò ó.

"Ṣé wọ́n ti kan òrùlé?" ni Lurline bi í lórí fóònù.

"Wọ́n máa kàn án."

"Ìgbà wo?"

"Curley ní tó bá ti kàn mí."

"Ovide, gbọ́ mi. Mi ò ní sùn lábẹ́ tapólì mọ́. Mo sùn lábẹ́ rẹ̀ nígbà ìjì tó ṣáájú èyí, láti ìgbà yẹn ni mo ti ń húkọ́ bí ewúrẹ́. Wọ́n ti bá mi rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Ọdún Àwọn Ẹni Mímọ́, lóṣù tó ń bọ̀."

"Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni?"

"Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Tí mo bá fi bẹ̀rẹ̀, mi ò ní padà wá. Mo ń sọ fún ẹ ní kedere kó o má bàa ní mi ò sọ. Tí òrùlé bá wà kí ọjọ́ yẹn tó pé, mo ń bọ̀ nílé. Tí kò bá sí, má pè mí kí n wá máa wo ojú ọ̀run látorí bẹ́ẹ̀dì."

Ó pa fóònù. Ovide dúró sáàárín yàrá, ó gbójú sókè. Atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀, tapólì mí sókè, ó mí sílẹ̀, bí ikùn ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí. Kì í ṣe ohun tó máa ń sọ jáde. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń jókòó tì í nígbà tí àrá bá ń sán, tí kì í sì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ló bá lọ bá Curley. Curley àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ òrùlé jókòó sórí pèpéle ilé rẹ̀ tí kò lógiri mọ́, òòlù wọn wà nílẹ̀, bíà wà lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní àwọn ń kan òrùlé fún ìlú, àjákù páànù ni wọ́n ń ṣà nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n sì ń jiyàn lé lórí. Ìyá Eula, ìyá Curley, jókòó sórí àga alápá kan, ó fi aṣọ wé ẹsẹ̀. Ìyá náà ti darúgbó débi pé kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni mọ́.

"Bùọ̀dá Curley, ẹ kú ìjókòó o," ni Ovide wí.

"Ta nìyẹn? Àṣé atẹ́gùn ò fẹ́ lónìí. Ká ní ó fẹ́ ni, Ovide á ti dé Baton Rouge."

"Ọ̀rọ̀ òrùlé mi ni mo bá wá."

"Òrùlé rẹ. Nígbà tí òrùlé rẹ ń lọ, ta ló wà níbẹ̀ tó rí i? Èmi ni. Mo rí i tó ń fò lọ lórí adágún. Mo juwọ́ sí i lórúkọ rẹ."

Àwọn tó jókòó wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ìyá Eula yọ ẹnu sí i: "Curley, tìrẹ náà fò lọ. Ṣé ìwọ náà juwọ́ sí i, àbí ọwọ́ ẹ ò ráyè?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

"Máa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ò kúkú ń tán lẹ́nu ẹ. Páànù ló tán."

Ovide fi ẹsẹ̀ kan ha ìkejì. "Ìyàwó mi ní òun ò ní padà bí kò bá sí òrùlé. Mi ò ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe tèmi. Mo ní, bóyá, ní àárín."

Curley gbé bíà sẹ́nu, ó mu ún dé ìsàlẹ̀. "Àwọn tó dúró la máa kọ́kọ́ ṣe fún. Lẹ́yìn wọn, opó. Lẹ́yìn opó, ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, Kérésìmesì. Lẹ́yìn Kérésìmesì, ìwọ. Tí a bá rí páànù o."

"Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́?"

"Ibẹ̀ náà dúró. Kò sá."

Ovide dúpẹ́. Ó dúpẹ́ gan-an, ó tẹrí ba, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ó dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè rí i mọ́ kó tó tutọ́.

*

Àwọn àlejò dé láàárín ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù gìrìwò mẹ́ta. Ará ìjọ kan ni wọ́n, láti apá òkè níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn, ojú wọn pọ́n fún oòrùn. Obìnrin tó ṣáájú wọn ń jẹ́ Marit. Ìlú jáde wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n rí páànù tuntun tó ń dán nínú ọkọ̀, ọrùn gbogbo wọn gùn.

Marit gun ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ẹ káàsán o. Páànù rèé, ìṣó rèé, àwọn tó máa kàn án náà rèé. Àwọn ará ìjọ wa ló dáwó rà á. Wọ́n ní, ìjọba ní káwọn èèyàn kúrò lọ́nà ìjì. Wọ́n ní ká fún àwọn tó gbọ́ràn, tí wọ́n kúrò, tí wọ́n wá padà bá ilé láìlórùlé. Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kúrò nílé kí ìjì tó dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nawọ́ sókè."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò mọ ohun tó wí. Ká ní ó ní kí wọ́n bọ́ ṣòkòtò ní gbangba ni, ì bá yá wọn lára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò sí ọwọ́ kankan. Adìyẹ kan kọjá láàárín wọn, ó ń ṣa nǹkan jẹ.

Curley wú àyà síwájú. "Ọmọ mi, ó dà bíi pé ẹ ṣìnà. Pointe Sidonie nìyí. A kì í sá níbí."

"Kò sí ẹnì kankan tó kúrò?"

"Ẹnì kankan."

Marit wo ẹ̀yìn wọn. Láti ibi tó dúró sí, ó lè rí gbogbo ilé tó wà létí adágún, tapólì búlúù lórí èyí tó rí tapólì, òfìfo lórí èyí tí kò rí. "Ṣùgbọ́n àwọn ilé yín..."

"Kò sí ohun tó ṣe ilé wa."

"Curley," ni Ìyá Eula wí látorí àga rẹ̀, "bá mi gbé ọwọ́ mi sókè."

"Màmá, ẹ ò lọ síbì kankan. Èmi ni mo gbé yín sókè àjà ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ọkàn mi lọ. Gbé e sókè, apá ń dùn mí."

Curley di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan rẹ̀. Ìyá náà ń fà á, ọmọ náà ń tẹ̀ ẹ́, àwọn méjèèjì sì kọjú sí àlejò bíi pé kò sí nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀. Lódìkejì, Wilda já Lester léèékánná nídìí apá. Lester ń wo bàtà ara rẹ̀. Wilda tún un já. Bàtà ni Lester ń wò, bíi pé ẹnì kan kọ nǹkan sí i lára.

Ovide wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó fara ti igi. Ó ń wò wọ́n. Àwọn alágbára. Páànù nìyí níwájú wọn, òjò ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ọmọ wọn ń húkọ́ lábẹ́ ọ̀rá, wọ́n sì dúró bí ère. Ikú yá ju ẹ̀sín, ni wọ́n máa ń wí. Ovide ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ó sì dá a lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn kò tíì pàdé ikú lójúkorojú, ẹ̀sín nìkan ló mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù àwọn náà ń bà á. Ká má parọ́. Ọwọ́ rẹ̀ jáde nínú àpò. Ó dé àyà, ó dúró níbẹ̀, bíi pé ó ń ronú. Ó gòkè dé etí. Ó fi ìka họ etí, bóyá kí wọ́n lè rò pé etí ló ń yún un. Ẹnì kan ti ń yíjú wò ó. Ó ní kí òun sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Nígbà náà ni ó rántí ohùn Lurline: mi ò ní padà wá. Ọwọ́ kúrò létí, ó lọ sókè.

"Bàbá," ni Marit wí, "ṣé ẹ̀yin kúrò nílé?"

"Mo sá, mà." Ohùn rẹ̀ kéré. Ó wá tún un sọ, torí kò fẹ́ kó di pé wọ́n á ní àwọn ò gbọ́. "Mo sá. Kí atẹ́gùn tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni mo ti sá. Ìyàwó mi náà sá."

Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Ariwo kékeré kan ta láàárín èrò, kì í ṣe ẹ̀rín, kì í ṣe èpè. Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀. Curley mi orí bí ẹni tó ń wo òkú ajá lójú ọ̀nà.

"Kò sí ẹlòmíràn?" ni Marit tún béèrè. Ó yíjú sí Ovide. "Bàbá, kò sí ẹlòmíràn tẹ́ ẹ jọ lọ?"

Ovide wo Lester. Lester gbójú sókè nínú bàtà, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Ó ṣe Ovide bíi kó dárúkọ rẹ̀. Ó tún rò ó: bí òun bá dárúkọ Lester, Lester á gba páànù. Kí ló fẹ́ kí Lester fi páànù ṣe?

"Ẹ bi wọ́n, mà," ni ó wí. "Wọ́n lẹ́nu."

Marit bi wọ́n. Wọn ò lẹ́nu. Ọkọ̀ méjì yí padà pẹ̀lú páànù wọn, ó di ìlú kejì, níbi tí àwọn èèyàn ti ń sá láìtijú. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, Wilda ń fojú sìn ín títí kò fi rí i mọ́, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀, ohun tó sọ sí i létí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ṣùgbọ́n Lester ò jókòó ti Wilda lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e.

*

Àwọn ọ̀dọ́ náà kan òrùlé Ovide kíákíá, wọ́n ń kọrin. Àwọn tó dúró ń kọjá níwájú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi pé ibòmíràn ni wọ́n ń lọ.

"Páànù ìtìjú," ni Curley wí, ó sọ ọ́ kó lè dé òkè. "Bí oòrùn bá ta sí i, gbogbo adágún á rí i pé ojo ló ń gbé ibẹ̀."

"Ó ń dán o," ni ẹnì kan wí. Curley wò ó, onítọ̀hún dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Ovide lọ síbi ọpọ́n rẹ̀ bó ṣe máa ń lọ. Curley na ọwọ́ dí i lọ́nà. Ó ní àwọn ti fẹnu kò, ẹni tó bá gba páànù ìtìjú ò tún gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan abọ́ àwọn mọ́. Kó máa lọ sílé rẹ̀. Ovide dúró, ó ń wojú rẹ̀, ó ń wá ibi tí ìyà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò rí i. Ó dúpẹ́, ó lọ sílé, ó sùn lọ́sàn-án fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìjì.

Ṣùgbọ́n nígbà tó pe Lurline, ẹ̀rù míì ti wọ inú rẹ̀.

"Òrùlé ti wà," ni ó wí.

"Curley ló kàn án?"

"Àwọn àlejò kan ni."

"Ilé ta ni wọ́n tún kàn?"

"Tiwa nìkan."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ tiwa nìkan?"

"Màá sọ fún ẹ tó o bá dé."

"Sọ fún mi báyìí."

"Iná fóònù mi fẹ́ kú," ni ó wí. Iná fóònù ò kú. Ọmọ Pointe Sidonie ni Lurline náà, ilé àwọn tó ń dúró ni wọ́n ti bí i. Nígbà tí wọ́n jọ sá, àwọn aládùúgbò ló sọ fún pé dókítà ló ní kí òun lọ nítorí àyà òun. Bó bá gbọ́ pé ọkọ òun nawọ́ sókè níwájú gbogbo ìlú, tó tún dárúkọ òun pọ̀ mọ́ ọn, ó lè jẹ́ pé búrẹ́dì ló máa lọ ṣe títí ayé. Ovide jókòó sábẹ́ páànù tuntun, ó ń wò ó. Ó ti rí òrùlé. Kò tíì mọ̀ bóyá ó rí ìyàwó.

*

Òjò dé kí Ọdún Àwọn Ẹni Mímọ́ tó kò. Kì í ṣe ìjì. Kò lórúkọ, torí náà Curley ò rí ẹni bú. Ó kàn ṣú láti apá òkun lówùúrọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀, kò dá. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eéjì bá rí ni eéjì ń pa. Kí ọ̀sán tó pọ́n, tapólì ti ń ya kúrò lórí ilé bí ewé.

Ovide wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ibi tó jìnnà sí fèrèsé, ó ń se kọfí. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Curley ni, ó gbé ìyá rẹ̀ pọ̀n, omi ń ṣàn lára àwọn méjèèjì.

"A ní ká wá wò ọ́ ni," ni Curley wí. "A mọ̀ pé ẹ̀rù á ti máa bà ọ́ ní ìwọ nìkan."

"Ó ń bà mí."

"Ṣé ẹ rí i, Màmá? Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Sọ mí kalẹ̀, òmùgọ̀," ni Ìyá Eula wí. "Ovide, ṣé bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ẹ nìyẹn? Ó gbẹ? Gbé mi sí i."

Wọ́n ń dé ní méjì, ní mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ní òjò ló lé òun wá. Ọ̀kan wá yá òòlù. Ọ̀kan ní òun gbọ́ òórùn kọfí. Lester àti Wilda wọlé láìsọ nǹkan kan, Wilda jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń ka ìlà páànù náà lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń gba àdúrà rosárì.

Lester ló kọ́kọ́ rí àṣìṣe. "Ìṣó yìí ò wọlé tó," ni ó wí. "Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbà kí wọ́n kàn án báyìí."

"Bó bá jẹ́ ìwọ ni," ni Wilda wí. Kò sọ ìyókù.

Curley na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn okùn àti ọkọ̀. Òjò ń lu páànù débi pé ó ní láti máa pariwo. "Mo ní, Corinda, ìwọ obìnrin burúkú!" Kò sẹ́ni tó gbọ́ ìyókù. Ovide ń gbé kọfí yí wọn ká. Ó lè lé wọn jáde. Ó rò ó. Ó tilẹ̀ gbìyànjú ọ̀rọ̀ náà nínú ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tó gbé e mì. Àwọn akọni. Wọ́n ń mu kọfí rẹ̀, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni ń wo ohun tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀, òun náà ń wò wọ́n bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó dìde.

Ní ọjọ́ kejì, òjò ṣì ń rọ̀, wọn ò tíì lọ. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n Lurline dúró lójú títì. Lurline jáde nínú rẹ̀, ó fi àpò bo orí, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró. Ó wo yàrá rẹ̀. Ó wo gbogbo ẹsẹ̀ tó wà nílẹ̀.

Ovide lanu láti sọ̀rọ̀. Curley ti ṣáájú rẹ̀.

"Lurline, o dé. Ṣé ọkọ rẹ ti sọ fún ẹ bó ṣe rí páànù? Ó nawọ́ sókè níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn. Ó ní òun sá. Ó ní ìwọ náà sá. Orúkọ baba rẹ ló fi wọ́lẹ̀ yẹn."

Lurline ò wo Curley.

"Ṣé òótọ́ ni?" ni ó bi Ovide.

"Òótọ́ ni."

"Níwájú gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

"Ojú ò tì ẹ́?"

"Ojú tì mí," ni Ovide wí. Ó ń wo ilẹ̀. "Ó tì mí gan-an. Ọwọ́ yẹn sáà lọ sókè."

Lurline gbójú sókè, ó ń tẹ́tí sí páànù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, Lurline bọ́ bàtà rẹ̀, ó ré ẹsẹ̀ Curley kọjá láìní kó ká a kò, ó lọ síbi bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ẹ sún."

"Ara rẹ tutù," ni Ìyá Eula wí.

"Ẹ sún, Màmá. Bẹ́ẹ̀dì mi ni."

Ìyá náà sún. Lurline dùbúlẹ̀ tì í pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ lọ́rùn, ó kọjú sí ògiri. "Ovide," ni ó wí láìyíjú, "ẹrù mi wà nínú ọkọ̀."

Ovide jáde. Ó gbé àpótí kan, ó gbé ìkejì. Ohun tó kẹ́yìn nínú ọkọ̀ ni ẹ̀rọ ìránṣọ Lurline, irin tó wúwo, tí ẹnikẹ́ni kì í gbé lọ síbi tó bá fẹ́ tún ti kúrò. Ó dúró nínú òjò, ó ń wò ó. Àrá sán lórí adágún. Ó gbá ẹ̀rọ náà mọ́ àyà, ó fi eré sí i, ó ń sáré bí ẹni tí ọ̀nì ń lé, ẹrẹ̀ ń ta sí i lójú.

"Ẹ wò ó," ni Curley wí nínú ilé, "ó tún ti ń sá."

Ovide wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sí ibi tó gbẹ jù nínú yàrá, ó wá lọ ti ilẹ̀kùn.